Inú Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ni Tàbí Ẹ̀yìn Etí: Ibo Ni Ká Ti Bù Lẹ Ọ̀nà Ìtọ̀?

Bí ẹ bá sọ fún ọkùnrin kan pé inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti máa gé ẹran tí wọ́n fẹ́ fi tún ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ṣe, kò ní kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ahọ́n ló máa fi tọ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wò. Ẹ ó rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn á wú síta lápá kan, á tún padà sáàyè rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá bèèrè pé: “Ẹnu? Ẹnu tí mo fi ń jẹ ẹ̀bà yìí?”

Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ ni mí, Àbújá níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ará ilé wa tó wà ní Kubwa, ní Lugbe, ní Nyanya títí dé Mararaba mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń la èèyàn ni mo wà, èmi ni wọ́n sì máa ń pè bí dókítà bá sọ ohun tí kò yé wọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ìtọ̀ tó fún pọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń pè mí sí jù, àmọ́ òru ni ìpè yẹn máa ń wọlé, nígbà tí ìyàwó bá ti sùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tí ojú bá ń tì lè rí i kà ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin àgbàlagbà gùn tó nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà, láti ẹnu àpò ìtọ̀ títí dé orí nǹkan ọkùnrin. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló gba àárín ẹran rírọ̀ kan tó kún fún ẹ̀jẹ̀ kọjá. Bí nǹkan bá pa ẹran yẹn lára, bó ṣe ń jinná ló ń di àpá, àpá a sì máa sún kì. Lápá tàbí lẹ́sẹ̀, kí àpá sún kì kò já mọ́ nǹkan púpọ̀. Nínú ọ̀nà tóóró bí èyí, ó lè dí i pa. Nígbà ayé àwọn bàbá wa, àtọ̀sí tí wọn kò tọ́jú dáadáa ló ń fa èyí tó pọ̀. Àtọ̀sí ṣì wà o, ṣùgbọ́n èyí tí àwa ń rí lójoojúmọ́ nísinsìnyí ni jàǹbá ọkọ̀ àti ti ọ̀kadà tó fọ́ egungun ìbàdí, àti rọ́bà ìtọ̀ tí wọ́n fi ipá tì wọlé tàbí tí wọ́n gbàgbé sára èèyàn. Wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò nígboro Àbújá láti 2006, àmọ́ ẹni tó bá ń gbé Zuba tàbí Gwagwalada mọ̀ pé kò rìn jìnnà. Àìsàn awọ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní lichen sclerosus: ó máa ń sọ awọ orí okó di funfun, awọ náà á le, á sì máa fún ọ̀nà ìtọ̀ pọ̀ láti ẹnu ihò wọnú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà kàn án.

Ẹni tó ń ṣe kì í tètè fura. Ìtọ̀ á kọ́kọ́ tín-ín-rín, á là sí méjì, á máa ta sí bàtà. Á pẹ́ nílé ìtọ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, á máa fún ikùn. Lọ́jọ́ kan kò ní jáde mọ́ rárá, wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti lu ihò sí i nísàlẹ̀ ìdodo, kí ìtọ̀ lè gba inú rọ́bà jáde níbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tí mo máa pè ní Bàbá Kàdúná. Mo ti yí ohun tó pọ̀ padà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, òun náà sì gbà kí n kọ ọ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Òkè Ọya lọ́hùn-ún ni wọ́n bí i sí, òwò ló gbé bàbá rẹ̀ débẹ̀. Ẹ̀yà ara mọ́tò ló ń tà. Kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta kí “wallahi” má yọjú. Jàǹbá ọkọ̀ ṣe é lójú ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná, ó dákú, níbi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ ni wọ́n ti fi rọ́bà ìtọ̀ sí i. Ìgbà tó máa fi lajú, ẹ̀jẹ̀ ló ń gba inú rọ́bà náà wá. Wọ́n fi sílẹ̀ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ gbọọrọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ ni ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há, ló bá di ẹni tí wọ́n ń fi irin fẹ ọ̀nà ìtọ̀ fún, níbí, lọ́hùn-ún, ọdún ń gorí ọdún.

Mo ní nǹkan sọ nípa irin yẹn. Bí ibi tó fún bá kúrú, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀, kí wọ́n fi irin fẹ̀ ẹ́, tàbí kí wọ́n ti abẹ kékeré gba ojú ọ̀nà wọlé kí wọ́n là á, ó máa ń tó fún àwọn kan. Kò sí ìjà níbẹ̀. Àmọ́ bó bá ti padà fún pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, tó tún padà, kí la ṣì ń wá lọ? Gbogbo ìgbà tí irin bá fa ara ya, àpá tuntun ló ń dá sórí ti àná. Ohun tó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn wa máa bá a lọ ni pé owó rẹ̀ kéré lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì tọ̀ dáadáa fún oṣù mélòó kan. Bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, owó iṣẹ́ abẹ gidi ti wà níbẹ̀. Bàbá Kàdúná ti ṣe é débi pé òun fúnra rẹ̀ mọ nọ́ńbà irin tó ń gba òun. Ìgbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ wa, kókó ti so sábẹ́ rẹ̀, ìtọ̀ ti já ihò síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kórópọ̀n, ṣòkòtò rẹ̀ kì í gbẹ. Kò lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́. Ilé ló ti ń kírun, lórí ẹní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Wọ́n ta oògùn X-ray sí i láti iwájú, wọ́n tún ta òmíràn gba ihò tí wọ́n lu sí i nísàlẹ̀ ìdodo. Mo bá wọn wo fọ́tò náà lójú iná. Níbi tó yẹ kí ọ̀nà funfun kan tó gbòòrò gbà kọjá, ìlà tín-ín-rín kan ló wà, tó já, tó tún bẹ̀rẹ̀, láti ẹ̀yìn kórópọ̀n títí sún mọ́ orí.

Bí ibi tó fún kò bá ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, tó sì jẹ́ ìsàlẹ̀ lẹ́yìn kórópọ̀n ló wà, dókítà lè gé e kúrò kó so ojú méjèèjì pọ̀, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ a sì máa tọ́jọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa gé sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kúrò kó sì fa ìyókù pàdé? Nǹkan náà á tẹ̀ wálẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dìde. Àfi kí wọ́n wá ohun mìíràn fi dí àyè rẹ̀. Àbùlẹ̀ nìyẹn.

Àbùlẹ̀ kan wà tí wọ́n máa ń yí kúrò láàyè rẹ̀ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ṣì so mọ́ ọn. Dókítà kan tó ń jẹ́ Orandi kọ nípa irú rẹ̀ ní 1968. Ní 1983, J. K. M. Quartey, dókítà ará Ghana tó ṣiṣẹ́ ní Korle Bu ní Accra, gbé ọ̀nà tirẹ̀ jáde, ó sì tọpa àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ awọ náà dáadáa. Inú mi a máa dùn bí àwọn dókítà kéékèèké bá ń pe orúkọ Quartey níwájú mi, torí Accra kò jìnnà sí wa. Irú kejì ni èyí tí wọ́n gé kúrò pátápátá níbì kan, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ kankan lára mọ́, tó jẹ́ pé ibi tuntun tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sí ló ti máa wá ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Irú kejì yìí ni mò ń sọ.

Bí ẹ bá ṣí ìwé àwọn òyìnbó, ẹ máa rí i pé wọ́n fẹ́ràn adọ̀dọ́, awọ tí wọ́n máa ń dá kúrò lórí okó: ó rọ̀, kò hu irun, kò jìnnà síbi iṣẹ́. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ní ilẹ̀ tiwa, ọlọ́ọlà ti gbé e lọ kí ọmọ tó mọ orúkọ ara rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Hausa, wánzàmì ló mú tiwọn. Ọ̀dọ̀ ta la fẹ́ lọ gbà á padà? Ó ku awọ ara okó fúnra rẹ̀. Ó ṣeé lò bó bá pọ̀ tó, tí ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ lichen sclerosus ló fa ọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan awọ. Àìsàn awọ ni: bí ẹ bá fi awọ lẹ̀ ẹ́, àìsàn náà lè tẹ̀ lé e wọnú àbùlẹ̀, ẹ ó sì tún padà bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ni wọ́n máa ń lọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Awọ kórópọ̀n ńkọ́? Wọ́n lò ó dáadáa láyé àtijọ́ torí ó pọ̀, ó sì ń fà. Irun ni wàhálà rẹ̀. Irun kò mọ̀ pé inú ọ̀nà ìtọ̀ lòun wà, á máa hù lọ, òkúta á so mọ́ ọn, kòkòrò àìsàn á ṣe ibùgbé síbẹ̀. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti fa irun bẹ́ẹ̀ jáde lára bàbá arúgbó kan tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ fún tipẹ́. Èmi ò fẹ́ rí i mọ́.

Awọ itan tí wọ́n bó fẹ́lẹ́ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń sún kì púpọ̀, ó lè dín tó ìdajì, nítorí náà ẹni tí kò bá rí òmíràn ni wọ́n ń lò ó fún. Ìbòrí inú àpò ìtọ̀, àwọn kan ti lò ó rí. Kí ẹ la ikùn èèyàn nítorí àbùlẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Ẹ̀yìn etí ló dára nínú gbogbo awọ. Kò ní irun, ó fẹ́lẹ́, ojú àpá rẹ̀ máa ń fara pamọ́, kì í sì í sún kì tó ti itan. Kò kàn gùn ni. Bí ẹnu bá bàjẹ́, ẹ̀yìn etí ni èmi máa ń retí kí dókítà tọ́ka sí.

Ẹnu wá ni ọba gbogbo wọn. Kì í ṣe ohun tuntun o. Ní 1894 ni Sapezhko, oníṣẹ́ abẹ kan ní Ukraine, ti kọ ọ́ jáde pé òun fi ẹran inú ẹnu tún ọ̀nà ìtọ̀ ṣe. Ní 1941 Humby ṣe irú rẹ̀ fún ọmọdé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà gbogbo ayé gbàgbé rẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Nígbà tó sì máa jí padà, àwọn ará Egypt wà níwájú: El-Kasaby àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ jáde ní 1993 pé ó ṣiṣẹ́ fún àwọn àgbàlagbà tí ọ̀nà ìtọ̀ wọn fún. Ìdí tó fi dára kò ṣòro. Ẹnu kì í gbẹ, nítorí náà ẹran rẹ̀ kò bẹ̀rù omi. Kò hu irun. Ojoojúmọ́ ló ń bá kòkòrò gbé, kì í tètè gba àìsàn. Òkè rẹ̀ nípọn, tó fi jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kì í fà á ya, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́, kíá ló ń mú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan lè fúnni ní bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà. Bí ọ̀nà tó bàjẹ́ bá gùn, wọ́n á gba ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, tí kò bá tó, wọ́n á lọ sí abẹ́ ahọ́n. Ètè ìsàlẹ̀ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré, ẹni tí wọ́n bá sì gba tiẹ̀ a máa ráhùn pé ètè òun kú fún ìgbà pípẹ́.

Àmọ́ ẹnu ta ni? Ìbéèrè yẹn kì í sí nínú ìwé, ó sì wà ní Òkè Ọya níbí. Nígbà tí dókítà tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu Bàbá Kàdúná, gbogbo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti pọ́n koko, ó le lápá òsì.

“Bàbá, ẹ máa ń jẹ gbàǹja?”

“Ah! Dókítà, kí wá ni mo fẹ́ máa fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù?”

“Tábà ńkọ́?”

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn: “Ó ń jẹ ẹ́, sà.”

Ọ̀rọ̀ gbàǹja yìí pa mí lẹ́rìn-ín, torí láti Àgége ni wọ́n ti ń kó o sínú rélùwéè lọ sí Kánò nígbà ayé àwọn bàbá bàbá wa, òwò rẹ̀ sì wà lára ohun tó gbé Yorùbá dé ilẹ̀ Hausa. Ìgbà tí Bàbá Kàdúná wá fẹ́ gba àtúnṣe, gbàǹja dúró sẹ́nu ọ̀nà. Dókítà ní kó fi gbàǹja àti tábà sílẹ̀, kó lọ rí dókítà eyín, kó máa fi oògùn fọ ẹnu, kó padà wá. Ó bínú lọ. Nígbà tó padà dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ti mọ́, ó rọ̀. Ti òsì kò rí bí dókítà ṣe fẹ́, nítorí náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti abẹ́ ahọ́n ni wọ́n lò.

Kí ló dé tí wọn kò fi parí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan? Wọ́n máa ń parí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀pọ̀ èèyàn: wọ́n á la ibi tó fún, wọ́n á fi àbùlẹ̀ fẹ̀ ẹ́, wọ́n á rán an pa. Ṣùgbọ́n kí àbùlẹ̀ tó mú, ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí gbọ́dọ̀ ní ẹ̀jẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àpá ti jẹ ibẹ̀ tán, tí ihò ti jò síta, tí ọyún ti wà níbẹ̀ rí, tàbí tí iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ ti bàjẹ́, ẹni tó bá rọ́ ọ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà ń ta tẹ́tẹ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n á ṣe é. Dókítà Johanson ní Sweden ló ti mú ìpín méjì yìí gbajúmọ̀ ní 1953: là á sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, jẹ́ kó jinná gbalasa, lẹ́yìn náà kí o wá ká a padà di ọ̀nà. Ní 1995, Bracka ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa iṣẹ́ ìpín méjì tirẹ̀, èyí tó ń tẹ́ àbùlẹ̀ sílẹ̀ ní ìpín àkọ́kọ́, fún àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú ihò ìtọ̀ tí kò sí láàyè rẹ̀. Àwọn dókítà wa ti mú ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ti Bàbá Kàdúná, tábìlì méjì ni mo tẹ́. Irinṣẹ́ ẹnu kò gbọdọ̀ bá ti ìsàlẹ̀ pàdé. Wọ́n fi irin ya ẹnu rẹ̀, wọ́n fi òwú fa igun ètè síta. Dókítà fi bírò aláwọ̀ elésè-àlùkò fa ilà sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì yẹra fún ojú ihò kékeré kan tó wà ní ọ̀kánkán èrìgì kejì lápá òkè, torí ibẹ̀ ni itọ́ ti ń sun wọ ẹnu. Ẹni tó bá gé ibẹ̀ ti dá wàhálà mìíràn sílẹ̀. Ó gún abẹ́rẹ́ tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù sábẹ́ ilà náà, ẹran wú sókè díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, ó fi iṣan tó wà nísàlẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ nínú àwo omi iyọ̀. Ó ti sún kì díẹ̀, ó rí pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rá kékeré ṣì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n kàn án mọ́ pátákó, dókítà fi sáàsì ré ọ̀rá yẹn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi mọ́. Ọ̀rá kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọlé.

Nísàlẹ̀, wọ́n ti la ọ̀nà ìtọ̀ gbọọrọ láti abẹ́, wọ́n ti gé ibi tó kú dànù. Wọ́n tẹ́ àbùlẹ̀ sí i, wọ́n fi òwú tín-ín-rín rán an mọ́lẹ̀ káàkiri, kì í ṣe etí rẹ̀ nìkan, àárín rẹ̀ náà, kí ẹ̀jẹ̀ má lè dúró sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n gé e ní ihò wẹ́wẹ́ kí omi lè jáde. Wọ́n di gọ́ọ̀sì tó ní ọ̀rá lé e, wọ́n so ó pinpin. Wọ́n wá ṣí ẹnu tuntun fún ìtọ̀ nísàlẹ̀, láàrin kórópọ̀n àti ihò ìdí.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, omi ara tó wà níbẹ̀ nìkan ni àbùlẹ̀ ń mu. Láti bí ọjọ́ kẹta ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ara wọn. Ẹni tó bá ti ṣí ata rí láti orí ebè lọ sínú oko lẹ́bàá odò mọ àwọn ọjọ́ yẹn: ewé á rọ, ẹ ò sì gbọdọ̀ fà á wò pé bóyá ó ti mú. Ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn balẹ̀ ni pé ara ọkùnrin kò mọ̀ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ìdájí ọjọ́ kejì ni Bàbá Kàdúná pè mí láti orí bẹ́ẹ̀dì. (Mo ti sọ fún un títí pé nọ́ọ̀sì ni mí. Dókítà ló ń pè mí.)

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ó ti dìde o. Wallahi, mi ò ro nǹkan kan. Ṣé kò ní já?”

Kò já. Nígbà tí wọ́n tú gọ́ọ̀sì náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àbùlẹ̀ náà pupa dáadáa, àfi etí kan tó dúdú tó ìwọ̀n èékánná, ìyẹn náà sì bó kúrò. Ẹnu rẹ̀ kò tó nǹkan: fúrá àti wàrà tútù ló fi gbé ọjọ́ mélòó kan, ó bínú sí ata, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fà bó bá fẹ́ yán, lẹ́yìn náà ó gbàgbé.

Gbogbo èyí ni wọ́n máa ń ṣàlàyé fún èèyàn. Èyí tí wọn kì í ṣàlàyé dáadáa ni àárín iṣẹ́ kìíní sí ìkejì, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tèmi wà. Ó kéré tán, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni, kí àbùlẹ̀ lè rọ̀, kó tẹ́, kó parí ìsúnkì rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, nǹkan ọkùnrin là sílẹ̀ lábẹ́, ibi ihò ìsàlẹ̀ ni ìtọ̀ ń gbà, ìjókòó tàbí ìlóṣòó ni wọ́n fi ń tọ̀. Àtọ̀ náà, ibẹ̀ ló ń gbà jáde. Dókítà á sọ pé “lẹ́yìn oṣù mẹ́fà”, bíi pé oṣù mẹ́fà kò ní ọjọ́ nínú. Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin tó bá jẹ́ awakọ̀, ibo ló ti máa rí ilé ìtọ̀ tó ṣeé jókòó sí láàrin Lọ́kọ́ja sí Àbújá? Ẹni tó bá ń gbé ilé tí ìdílé mẹ́jọ ń lo ilé ìtọ̀ kan, kí ló máa sọ? Owó ìkejì ńkọ́? Ìjọba ti ṣe òfin NHIA ní 2022 pé kí gbogbo èèyàn wà nínú adójútòfò ìlera, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọlọ́jà tí mo mọ̀ kò sí nínú rẹ̀, owó àpò wọn ni wọ́n ń san, lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni mo máa ń sọ fún àwọn dókítà wa pé kí wọ́n tó yan ibi tí wọ́n fẹ́ bù, kí wọ́n bèèrè ilé, iṣẹ́ àti ọ̀nà tí ẹni náà ń gbà wá. Bó bá jẹ́ pé ó ṣeé ṣe láti parí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tó ń ti Zamfara wá, tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára, kí wọ́n gbìyànjú ẹ̀ tọkàntọkàn. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n tẹ́ àbùlẹ̀ tó gbòòrò ju bí wọ́n ṣe rò lọ lọ́jọ́ kìíní, torí bó bá sún kì jù, ìpín kẹta ni yóò tún dà. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Mo ní ṣé ẹni tí kò padà wá wà nínú ìwé rẹ̀?

Nítorí wọn kì í padà wá, àwọn kan. Kì í ṣe níbí nìkan, kárí ayé ni. Tẹ́lẹ̀, èrò mi ni pé owó ni, tàbí ẹ̀rù. Bàbá Kàdúná ló yí èrò mi padà. Ó padà wá ní tirẹ̀, wọ́n wò ó, àbùlẹ̀ ti dára, ó fẹ̀ tó. Dókítà ní kó mú ọjọ́. Ó ní òun ò ṣe mọ́.

Ó ní kí wọ́n gbọ́ òun. Iṣan tó ń dá ìtọ̀ dúró wà lókè ibi tí wọ́n ti gé òun, nítorí náà ìtọ̀ kò jò mọ́. Ihò ẹ̀gbẹ́ kórópọ̀n ti jinná, ṣòkòtò òun ti gbẹ. Òun ti padà sí mọ́ṣáláṣí, ní sàfù kìíní. Láti kékeré lòun ti ń lóṣòó tọ̀, pẹ̀lú kẹ́tùrù omi lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí gbogbo ọkùnrin àdúgbò òun. Ta ló máa mọ ibi tó ń gbà jáde? Ọmọ méje lòun ti bí. “Dókítà, kí lẹ tún fẹ́ tún ṣe lára mi?”

Dókítà wò mí. Mi ò sọ nǹkan kan, àmọ́ ti Bàbá Kàdúná ni mo ṣe. Ọmọ Yorùbá tó dàgbà sí Òṣogbo, tó mọ̀ pé ògiri ni ọkùnrin ń kọjú sí, lè ka irú ìdúró bẹ́ẹ̀ sí ìtìjú. Lọ́dọ̀ tirẹ̀ kò sí ìtìjú níbẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn dókítà ń pe irú wọn ní ẹni tó ja iṣẹ́ dà nù lágbedeméjì, èmi ò gbà. Ó mọ ohun tó wá wá, ó sì ti rí i.

Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà, ọmọ Kàbà, tí kò tíì gbéyàwó, tí lichen sclerosus jẹ tiẹ̀. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ni wọ́n gba fún un. Òun ń ka ọjọ́ ni, torí ó fẹ́ bímọ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè nǹkan kan. Lọ́jọ́ ìpín kejì, wọ́n wọn àbùlẹ̀ náà, wọ́n gé e ní ìwọ̀n bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ní ìbú, wọ́n ká a yí rọ́bà ìtọ̀ po, wọ́n rán an, wọ́n fa ẹran tó ní ẹ̀jẹ̀ bò ó kí wọ́n tó rán awọ lé e. Ìbòrí àárín yìí ṣe pàtàkì. Bí òwú bá dojú kọ òwú, ihò ló máa ń já síta. Rọ́bà wà lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ya X-ray, kò jò. Ó lọ sílé ìtọ̀ ilé ìwòsàn, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde wá ó ní kí n wá wo bó ṣe ta dé ògiri. Mo ní kó ṣeun, kó lọ fi omi fọ ògiri onílé.

Wọ́n sọ fún un pé kó máa wá fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún, torí ọ̀nà yìí lè tún fún pọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, èyí tó bá sì jẹ́ lichen sclerosus, ojú kì í kúrò lára rẹ̀.

Bàbá Kàdúná náà ń wá. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Bí mo bá wá yí ọkàn padà lọ́jọ́ kan ńkọ́? Bóyá ìyàwó kékeré.” Ìyàwó rẹ̀ ń sanwó káàdì lọ́hùn-ún. Mo sọ fún un pé àbùlẹ̀ yẹn ti di ara rẹ̀, kò ní lọ síbì kankan. Ọdún mẹ́ta òní tàbí mẹ́wàá, bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tó ṣì rọ̀ tó sì fẹ̀, wọ́n lè ká a. Ṣùgbọ́n kó má jẹ gbàǹja o, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún nílò ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.